Pásítọ̀ tuntun ní kí a jọ pinnu ọ̀nà tí ìjọ wa yóò gbà: báwo ni kí a ṣe dá a lóhùn?

Ará Lugbe (ẹni tó dá ìjíròrò sílẹ̀)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ará mi lórí ojú-òpó yìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni tiwa, ní Lugbe, lójú ọ̀nà tó lọ sí pápákọ̀ òfuurufú Abuja, mo sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn díákónì ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí pásítọ̀ wa àtijọ́ fẹ̀yìn tì, ọdún kan àti oṣù mẹ́rin gbáko la fi wà láìní olùṣọ́-àgùntàn, kí èyí tí a pè tó dé sáàárín wa lóṣù tó kọjá.

Lọ́jọ́ Àìkú rẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tí gbogbo wa ń retí ni kó ka ètò iṣẹ́ ọlọ́dún márùn-ún jáde fún wa, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ṣe. Kò kà á. Ó sọ̀ kalẹ̀ látorí àga ìwàásù, ó dúró sáàárín ibi tí a jókòó sí, ó ní ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lòun tíì lò ní Lugbe, pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, nítorí náà òun kò lè dá ọ̀nà ìjọ yìí là ní òun nìkan. Ó wá fi ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀. Kí ni Ọlọ́run ti ṣe nínú ìjọ yìí tí a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó parẹ́? Kí ló ń dùn wá tí a kì í lè sọ sójú? Bí ọmọ tí a sọ lórúkọ lọ́sẹ̀ yìí bá pé ọmọ ogún ọdún, irú ìjọ wo la fẹ́ kó bá níbí? Ó ní kí ẹnikẹ́ni má dáhùn lọ́jọ́ náà. Ó fẹ́ kí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pàdé nílé ara wa, ní agbo ènìyàn mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí gbogbo rẹ̀ tó dé iwájú ìpàdé ìjọ.

Inú àwọn ọ̀dọ́ dùn. Àwọn àgbà kan ní tiwọn ń sọ pé ẹni tí a pè kó wá darí wa ló tún ń bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ wa yìí. Ọkàn tèmi pín sí méjì. Mo fẹ́ràn ìpè náà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí yóò jáde bí a bá la ẹnu: Yorùbá la fi dá ìjọ náà sílẹ̀, Yorùbá la ṣì fi ń ṣe ìsìn pẹ̀lú ògbufọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa kò gbọ́ ọ mọ́, àwọn Gbagyi tó ni ilẹ̀ tí a ń gbé kì í sì wọlé tọ̀ wá bí kò ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Gbogbo wa là ń yẹra fún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ẹ jọ̀wọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é tí kò fi di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, tí kò sì tú ìjọ ká?

Bàbá Kàdúná

Ará Lugbe, ọmọ mi, o ṣeun tí o gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Kàdúná ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀yin tó mọ ìtàn mọ̀ pé àwọn oníṣòwò wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Òkè Ọya, wọn kò dúró de òyìnbó kankan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nínú yàrá ẹnìkan ni wọ́n ti máa ń pàdé, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń darí ìsìn, tí wọ́n ń dá owó, tí wọ́n ń bójú tó aláìsàn, kí wọ́n tó kọ̀wé pe pásítọ̀. Irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ti ń pinnu ọ̀nà ara rẹ̀ kí olùṣọ́-àgùntàn tó dé. Nítorí náà, ohun tí pásítọ̀ yín ń béèrè kì í ṣe àṣà àjèjì, ilé la ti mú un wá.

Ìkìlọ̀ kan péré ni mo ní. Nínú ìjọ kan tí mo ti jọ́sìn rí, tí n kò ní dárúkọ, pásítọ̀ tuntun pín ìwé fún gbogbo wa, ó ní kí a kọ ohun tí a fẹ́ kí ìjọ dà. Mo kọ ojú ewé méjì. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, tí a ń kó yàrá ìkẹ́rùsí kí a lè kùn ún, mo bá páálí kan lábẹ́ aṣọ àwọn akọrin tó ti gbó. Ìwé wa ló wà nínú rẹ̀, okùn rọ́bà tí wọ́n fi dì í kò tíì kúrò lára rẹ̀. Èmi àti akápò jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, a sì kà á títí ilẹ̀ fi ṣú. Opó kan wà níbẹ̀ tó kọ ọ́ pé agbára òun kò ká owó ilé mọ́, pé ojú ń ti òun láti sọ, kí ìjọ jọ̀wọ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa tọ́jú irú òun. Nígbà tí a ń kà á, ó ti kó kúrò ní Kàdúná, a kò sì mọ ibi tó lọ.

Ohun tí ẹ kò bá ní kà, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ènìyàn.

Màmá Kubwa

Bàbá, ọ̀rọ̀ opó yẹn kò jẹ́ kí n sùn lánàá. Ẹ kú ìrántí.

Ará Lugbe, ohun tí mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ yín ni pé: ta ni yóò wà nínú àwọn agbo náà? Bí ẹ bá fi ìpàdé sí ọ̀sán Sátidé, ẹ ti yọ gbogbo obìnrin tó ń tajà sílẹ̀. Bí ẹ bá fi í sí ilé àwọn tí pálọ̀ wọn tóbi, ẹ ti yọ àwọn tó ń gbé yàrá kan ṣoṣo sílẹ̀, nítorí ẹni tí kò ní àga mẹ́wàá kò ní dá a lábàá pé kí ẹ wá sílé òun. Ẹ sì wo ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n yọ ìrànwọ́ orí epo ní 29 oṣù karùn-ún 2023, tí epo tó wà ní nǹkan bí ₦195 lítà kan lé ní ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìdajì àwọn tó ń ti Nyanya àti Mararaba wá sí ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì wa láàárín ọ̀sẹ̀ ni kò wá mọ́. Oṣù mẹ́jọ kọjá kí a tó bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. A ti ń wàásù fún wọn pé ìgbàgbọ́ wọn ti ń tutù, bẹ́ẹ̀ owó mọ́tò ni kò sí.

Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí kẹfà dáadáa. Àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríkì ni wọ́n ń gbójú fò nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́, ariwo sì sọ. Àwọn àpósítélì kò yan ẹni tí yóò ṣe é fún wọn, ìjọ ni wọ́n ní kó yàn. Mo ti ka ibẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún kí n tó ṣàkíyèsí pé orúkọ Gíríkì ni àwọn méjèèje tí wọ́n yàn ń jẹ́, láti orí Stéfánù títí dé orí ẹni ìkẹyìn. Ó dà bí ẹni pé ọ̀dọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dùn gan-an ni ìjọ gbé ìkòkò àti ṣíbí fún. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pásítọ̀ yín ń sọ, ẹ wo ẹni tí yóò gbé ṣíbí fún.

Díákónì Gwarinpa

Mo kí gbogbo yín, mo sì tọrọ àforíjì ṣáájú, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yàtọ̀ díẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ díákónì. Mo gbà pé kí pásítọ̀ fetí sí ìjọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí nígbà tí a bá ń sọ ọ́ bí ẹni pé ohùn ènìyàn tó pọ̀ jù ni ohùn Ọlọ́run. Amí méjìlá ni Mósè rán lọ wo ilẹ̀ Kénáánì. Mẹ́wàá nínú wọn sọ ọ̀rọ̀ kan náà, gbogbo ìjọ sì gbà wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjì tó kù ló sọ òótọ́. Bí wọ́n bá ti dìbò lọ́jọ́ yẹn, Íjíbítì ni wọn ìbá padà sí.

Ìdí kejì ni pé mo ti rí ibi tí irú ìpàdé báyìí ti sọ ìjọ di ẹgbẹ́ òṣèlú. Àwọn tó fẹ́ ìsìn Gẹ̀ẹ́sì ń lọ láti ilé dé ilé, àwọn tó fẹ́ Yorùbá náà ń lọ láti ilé dé ilé, nígbà tí ọjọ́ ìpàdé yóò fi pé, tọkọtaya kan kì í jókòó pa pọ̀ mọ́. Ẹni tí a pè tí a sì gbàdúrà lé lórí, ó yẹ kó gbà á lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó sì fi ìgboyà sọ fún wa. Bí ó bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún agbo, ta ni a óò bi léèrè bí nǹkan bá yíwọ́?

Akọ̀wé Ìjọ, Gwagwalada

Díákónì, ẹ̀gbọ́n mi, ìbéèrè tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín wúwo, mo sì fẹ́ dá a lóhùn tọkàntọkàn. Ní ètò Onítẹ̀bọmi, ìjọ ni yóò dáhùn bí nǹkan bá yíwọ́, nítorí ìjọ ló pè é, ìjọ ló ní ilé, ìjọ ló sì ń san owó oṣù. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní 1888. Ajíhìnrere òyìnbó tó wà níbẹ̀ dá Moses Ladejo Stone dúró lẹ́nu iṣẹ́ pásítọ̀ láìbi ìjọ léèrè. Àwọn ènìyàn náà dìde, ọ̀pọ̀ wọn sì jáde lọ dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, Mojola Agbebi wà lára wọn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọjá kí apá méjèèjì tó pàdé ní Ìbàdàn ní 1914 láti di ẹgbẹ́ kan, èyí tí a mọ̀ lónìí sí Àpéjọ Onítẹ̀bọmi ti Nàìjíríà. Ọ̀kan nínú ohun tó fa ìpínyà yẹn ni pé ẹnìkan pinnu ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìjọ láìpe ìjọ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń bà yín tọ́. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló yẹ kí a dìbò lé. Nígbà tí pásítọ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa báyìí dé ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ohun tó gbà wá ni pé a ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. A sọ fún ìjọ pé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ kò sí lórí tábìlì. A tún sọ pé ohun tí pásítọ̀ yóò wàásù lé lórí wà lọ́wọ́ òun àti Ọlọ́run rẹ̀. Àkókò ìsìn, èdè, ilẹ̀, owó, àti iṣẹ́ ojú àánú ni ìjọ yóò jíròrò. Nígbà tí àwọn ènìyàn mọ ibi tí ààlà wà, ìjà dínkù lọ́pọ̀lọpọ̀. Èmi ni mo ń kọ ìwé ìpàdé, a sì ṣe òfin pé kò sí ohun tí yóò wọ inú àkọsílẹ̀ tí a kò kọ́kọ́ kà sétí ẹni tó sọ ọ́. Iṣẹ́ náà pọ̀, ọwọ́ mi sì ro mí gan-an ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ lẹ́yìn náà pé a yí ọ̀rọ̀ òun padà.

Ní ti pé kí pásítọ̀ gbà á lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ wo Nehemáyà. Ọlọ́run ti fi í sí i lọ́kàn kó tó kúrò ní Ṣúṣánì. Síbẹ̀, nígbà tó dé Jerúsálẹ́mù, ó lo ọjọ́ mẹ́ta, ó sì gun ẹranko kan lóru pẹ̀lú ènìyàn díẹ̀ láti fi ojú ara rẹ̀ wo odi tó wó, kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí a dìde. Nígbà tí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀, ẹ ka orí kẹta, léraléra la ń kà á níbẹ̀ pé onítọ̀hún tún odi tó kọjú sí ilé ara rẹ̀ ṣe. Ìran jẹ́ ti Nehemáyà, ẹni tó mọ ibi tí odi ti sán níwájú ilé ni onílé.

Ọ̀dọ́ Nyanya

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin màmá wa, mo dọ̀bálẹ̀. Mo bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí èdè, nítorí àwa ni gbogbo ènìyàn ń dárúkọ, bẹ́ẹ̀ kì í sábà sí ẹni tó ń bi wá.

Abuja ni wọ́n bí mi sí. Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́, Háúsá la fi ń ra nǹkan lọ́jà, Yorùbá sì ni àwọn òbí mi fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí wọn kò bá fẹ́ kí a gbọ́. Nígbà tí ìjọ wa fẹ́ sọ ìsìn di Gẹ̀ẹ́sì pátápátá, wọ́n ní nítorí àwa ọ̀dọ́ ni. Nígbà tí ẹnìkan wá bi wá ní tòótọ́, mẹ́tàlá nínú wa la pé jọ lọ́jọ́ náà, mọ́kànlá ló sì sọ pé a kò fẹ́ kí Yorùbá kúrò. Ohun tí a fẹ́ ni kí ẹnìkan kọ́ wa. Ó ń dùn mí láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, kó máa sunkún lórí orin kan, kí n má mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún. Láti ìgbà náà ni bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí olùkọ́ ti ń kọ́ wa láti ka Bíbélì Yorùbá fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo mọ̀ pé 1884 ni iṣẹ́ ìtúmọ̀ Bíbélì náà parí, lábẹ́ ọwọ́ Àjàyí Crowther tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí nígbà ọmọdé, ọwọ́ tí mo fi ń ṣí ìwé náà yàtọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n wa ní Lugbe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbèrò ohun tí àwọn ọ̀dọ́ yín fẹ́. Ẹ bi wọ́n.

Bàbá Kàdúná

Ọmọ Nyanya, Ọlọ́run yóò bù kún ọ. Bí ọ̀rọ̀ rẹ ṣe dùn mọ́ mi tó, ó yẹ kí n sọ apá kejì, kí Ará Lugbe lè rí i yí ká.

Bàbá mi ní àbúrò kan tó ṣòwò ní Ghana. Lásìkò náà, Yorùbá ló pọ̀ jù nínú àwọn Onítẹ̀bọmi ilẹ̀ yẹn, àwọn ará wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ sì pọ̀ láàárín wọn. Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin, Yorùbá ni wọ́n fi ń wàásù. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò níwèé ìgbé-ìlú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ènìyàn wa kó ẹrù, wọ́n jáde, ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn sì ṣófo. Àbúrò bàbá mi sọ fún wa títí ó fi kú pé ohun tó dun òun ju ọjà tí òun fi sílẹ̀ lọ ni pé, nígbà tí òun ń ti ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn, kò sí ọmọ ilẹ̀ náà kan ṣoṣo nítòsí tí òun lè gbé kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́.

N kò wí pé ẹnikẹ́ni yóò lé yín ní Abuja, ìlú gbogbo wa ni. Ṣùgbọ́n ará Gbagyi kan ṣoṣo tí o sọ pé ó ń wọlé tọ̀ yín, ìwọ Ará Lugbe, kí ló rò nípa ìbéèrè mẹ́ta pásítọ̀ yín?

Díákónì Gwarinpa

Bàbá, mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èrò mi kò tíì yí padà lórí amí mẹ́wàá, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ààlà tí Akọ̀wé ṣàlàyé, ìbéèrè tí ẹ sì béèrè yìí, èmi náà fẹ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Ará Lugbe

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀. Mo fẹ́ kí agbo àkọ́kọ́ wáyé kí n tó dá Bàbá Kàdúná lóhùn.

Mo tẹ gbogbo ohun tí ẹ kọ síbí sórí ìwé, mo sì kó o fún pásítọ̀. Ó gba ìmọ̀ràn Akọ̀wé, ó sì kéde ààlà náà lọ́jọ́ Àìkú. Ó sún ìpàdé láti Sátidé sí alẹ́ Ọjọ́bọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ Màmá Kubwa. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀ mí kí n bá òun lọ sọ́dọ̀ màmá Gbagyi náà, tó ń ta dùndú lẹ́bàá géètì wa, kí a béèrè bóyá a lè ṣe agbo àkọ́kọ́ nílé rẹ̀. Ó kọ́kọ́ wò wá bí ẹni pé a ṣìnà. Ó ní òun kò ní àga. A ní a óò gbé àga wá.

Ènìyàn mẹ́sàn-án la jókòó sí iwájú ilé rẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò. Pásítọ̀ mú ìwé kékeré kan dání, bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ̀rọ̀ tán, yóò ka ohun tó kọ fún un, yóò bi í pé, “Ṣé bí ẹ ṣe sọ ọ́ nìyí?” Nígbà tó kan màmá náà, Háúsá ló fi sọ̀rọ̀, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn díákónì wa sì túmọ̀ rẹ̀. Ó ní ọdún kọkànlá nìyí tí òun ti ń jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn nínú ìjọ wa. Ó ní òun mọ orin wa tó ogún lórí, òun sì ń kọ wọ́n nígbà tí òun bá ń dín iṣu, ṣùgbọ́n òun kò mọ ohun tí wọ́n túmọ̀ sí. Ó kọ ọ̀kan. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè níbi tó yẹ kó lọ sókè gan-an. Ó wá bi wá pé, “Kí ni mò ń sọ fún Ọlọ́run?”

Kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Díákónì wa àgbà, ẹni tó sọ lọ́jọ́ kìíní pé pásítọ̀ tó ń bèèrè ọ̀nà kò mọ̀nà, ló fa àga rẹ̀ sún mọ́ màmá náà. Háúsá rẹ̀ kò já gaara, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀rọ̀ kan bá sì dí i lọ́nà, yóò wo ojú ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ yóò sì ràn án lọ́wọ́. Orin ẹlẹ́sẹ mẹ́rin ni. Ó gbà wọ́n tó wákàtí kan kí wọ́n tó parí rẹ̀, a kò sì dé orí ìbéèrè kejì lọ́jọ́ náà. Nígbà tí pásítọ̀ ka ohun tó kọ fún màmá náà, ó ní kó fi kún un pé òun fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ òun ní orin náà ní èdè Gbagyi, bí ìjọ bá gbà.

Nyanya ni agbo kejì, lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. A ti dá owó mọ́tò, díákónì wa àgbà sì ti ní òun ni yóò gbé àga.